Orúnkún mi àti òkè Colorado: báwo ni kí n ṣe múra sílẹ̀ fún ọdẹ elk?

ỌmọỌdẹ_Houston

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí ní Houston máa ń lọ ṣọdẹ lórí òkè Colorado lọ́dọọdún, elk sì ni ẹran tí wọ́n ń lépa. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ó jọ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Akọ rẹ̀ tó ti dàgbà lè wọn kílò 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún yìí wọ́n ní kí n bá àwọn lọ, mo sì ti gbà. Ọdẹ ni bàbá mi ní agbègbè Ṣakí, mo ti ń tẹ̀ lé wọn wọ igbó láti kékeré, nítorí náà ọkàn mi wà níbẹ̀ gan-an.

Ọmọ ọdún 51 ni mí, mo wọn kílò 98. Orúnkún ọ̀tún máa ń dùn mí tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mí tí mo bá ń gòkè. Dókítà ti yàwòrán rẹ̀, ó ní oríkèé náà ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ àmọ́ kò tíì burú. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilẹ̀ Houston tẹ́ pẹrẹsẹ, kò fi ju nǹkan bíi mítà 15 ga ju òkun lọ. Ibi tí wọ́n máa ń pàgọ́ sí ní Colorado ga tó mítà 3,200. Oṣù kẹta la wà yìí, oṣù kẹwàá ni wọ́n fẹ́ lọ.

Kí ni kí n máa ṣe fún ara mi títí dìgbà náà? Ṣé orúnkún yìí lè gbà á? Mi ò fẹ́ di ẹrù fún ẹnikẹ́ni lórí òkè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ ojú abẹ níkòó fún mi.

ÀgbàỌdẹ_Gunnison

Àbúrò, káàbọ̀. Inú mi dùn pé oṣù kẹta lo béèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró títí á fi ku ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì sí nǹkan gidi téèyàn lè rí ṣe sí ara mọ́ nígbà yẹn.

Apá ìwọ̀-oòrùn Colorado ni mò ń gbé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń lé ẹran yìí. Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé gígun òkè kọ́ ló ń ba orúnkún ọdẹ jẹ́. Gígun òkè á mú kó o máa mí hẹlẹhẹlẹ, àyà rẹ á máa lù kìkì, ṣùgbọ́n tó o bá dúró sinmi, ó tán. Ìsọ̀kalẹ̀ ni kó o bẹ̀rù, pàápàá tí ẹran bá wà lẹ́yìn rẹ. Ohun tí àtẹ̀gùn ilé ń ṣe fún orúnkún rẹ yẹn náà ni òkè máa ṣe fún un, àfi pé ti òkè lè gba wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pa akọ kan, tẹ́ ẹ yọ eegun rẹ̀ kúrò, ẹran tó máa kù lè tó kílò 90 sí 100. Ẹ ò sì lè fi í sílẹ̀ fún igbó. Òfin Colorado ní ọdẹ gbọ́dọ̀ gbé ẹran ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹran ẹ̀yìn àti ẹran inú ìbàdí kúrò níbẹ̀, wọ́n máa bá ẹni tó bá jẹ́ kó ṣòfò ṣẹjọ́. Ká ní kílò 25 lo fẹ́ máa gbé lẹ́ẹ̀kan, ìrìn mẹ́rin nìyẹn. Tí ọkọ̀ yín bá wà ní kìlómítà 3 síbẹ̀, o máa gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, o máa pa dà gòkè lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀mẹta. Kìlómítà 21 ni gbogbo rẹ̀, ẹrù sì wà lẹ́yìn rẹ nínú 12. Ìyẹn tó o bá dá a gbé. Ẹ pín in láàrin ara yín. Òru oṣù kẹwàá máa ń tutù dáadáa lókè níbí, ẹran tẹ́ ẹ bá so rọ̀ sábẹ́ ibòji nínú àpò aṣọ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé lè dúró dọ̀la láìbàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ń lé yín. Àwọn tó fẹ́ gbé kílò 45 lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè tètè parí ni mo ti rí tí wọ́n fi ẹṣin gbé sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn.

Má sì retí pé ọkọ̀ máa dé ibi tẹ́ ẹ ti yìnbọn. Púpọ̀ nínú ibi tí elk pọ̀ sí jẹ́ igbó tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá sọ́tọ̀. Irú rẹ̀ ni Weminuche, tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ yìí. Ọkọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ wọ irú ibẹ̀, ẹsẹ̀ tàbí ẹṣin ni.

Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kankan jẹ. Tìrẹ, ro ó báyìí kó o tó lọ.

Físíò_Dallas

Ẹ̀gbọ́n ỌmọỌdẹ, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Físíò ni mí, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà kí n tó wá síbí. Mo fẹ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ Bàbá Gunnison fi rí bẹ́ẹ̀, torí ìdí rẹ̀ ló máa sọ irú eré ìdárayá tó yẹ yín.

Tẹ́ ẹ bá ń gòkè, iṣan iwájú itan yín ń kó ara rẹ̀ jọ láti gbé yín. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan yẹn kan náà ló ń fà yín sẹ́yìn kẹ́ ẹ má bàa já lulẹ̀, ó sì ń ṣe é nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń nà lọ. Iṣẹ́ tí iṣan bá ń ṣe nígbà tó ń nà ló máa ń yà á lára jù. Òun ló ń fa ìrora tí kì í dé títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ní àkókò kan náà, eegun pẹlẹbẹ tó bo ojú orúnkún ń tẹ eegun itan gidigidi. Tó bá wá rẹ iṣan, tí kò lè dẹ ìgbésẹ̀ mọ́, orí oríkèé ni gbogbo rẹ̀ máa já sí.

Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé iṣan máa ń kọ́gbọ́n. Tẹ́ ẹ bá ti mú ìsọ̀kalẹ̀ mọ́ ọn lára ní ìwọ̀nba, ìgbà tó bá tún pàdé irú iṣẹ́ náà, ìpalára rẹ̀ á dín kù gan-an. Kò sí oògùn tó lè ṣe èyí fún yín.

Ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró, kẹ́ ẹ máa sọ gìgísẹ̀ kejì kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kó tó kan ilẹ̀. Ẹ wo orúnkún yín nínú dígí, kò gbọ́dọ̀ yà sínú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ sí mẹ́wàá ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ sinmi, kẹ́ ẹ tún un ṣe títí á fi pé ọ̀wọ́ mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ bọ́ sórí èyí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20, lẹ́yìn náà 30. Ẹ máa jókòó kẹ́ ẹ máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara yín. Lọ́jọ́ tí orúnkún bá ń ta yín, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó jókòó láìsí àga, kẹ́ ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 45. Iṣan á ṣiṣẹ́, oríkèé ò sì ní máa lọ máa bọ̀.

Ẹ má fojú di ìdí àti ìgbáròkó. Iṣan ìdí tí kò lágbára wà lára ohun tó ń jẹ́ kí orúnkún yà sínú. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, kẹ́ ẹ máa gbé ìdí sókè, tó bá yá ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣe é. Kẹ́ ẹ sì máa dìde lórí ìka ẹsẹ̀, ẹ ṣe é pẹ̀lú orúnkún tó nà, kẹ́ ẹ tún ṣe é pẹ̀lú orúnkún tó ká díẹ̀, torí iṣan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń bá kókósẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní ti ìrora, ẹ wọ̀n ọ́n láti òdo dé 10. Tó bá wà ní 3 tàbí 4 nígbà tẹ́ ẹ ń ṣe é, tó sì ti rọlẹ̀ bí ilẹ̀ bá fi mọ́, ẹ máa bá a lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí orúnkún wú, ẹ dín in kù, ẹ má dá a dúró. Oríkèé tó ń jẹ fẹ́ ìṣísẹ̀. Ìjókòó ló ń mú un le sí i.

Kílò 98 yẹn náà ńkọ́ sà? Kílò 1 tẹ́ ẹ bá dín kù lára yín ń gba nǹkan bíi kílò 4 kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá lè dín kílò 6 tàbí 7 kù kí ìgbà òtútù tó dé, orúnkún yẹn á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ dín òkèlè alẹ́ kù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin pọ̀ sí i. Ẹ má fi ebi pa ara yín, torí iṣan tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ yìí fẹ́ oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹrù gbígbé ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣe èyí fún oṣù méjì ná.

Gbéringbérin29

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi náà fẹ́ lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo máa ń lọ jíìmù dáadáa, mo lè gbé irin kílò 140 lé èjìká kí n lóṣòó kí n sì dìde. Ṣé èyí ò tó ni?

ÀgbàỌdẹ_Gunnison

Ọmọ mi, agbára yẹn wúlò, má sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n gbígbé irin lẹ́ẹ̀marùn-ún kì í gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, òkè sì ń gba ọjọ́ kan gbáko. Ní mítà 3,000, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 70 nínú ìdá 100 ti etí òkun lọ. Iṣan ńlá fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀, kò sì ní rí i. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ alágbára tí wọ́n jókòó sórí òkúta ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tí wọn ò lè sọ̀rọ̀.

Máa rìn. Rìn gùn, rìn pẹ̀lẹ́, ìrìn tó o ti lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìgé e. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó o mú ọjọ́ kan tí wàá fi rìn fún wákàtí púpọ̀. Àwọn ọdẹ ilé wa ò mọ jíìmù, ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti ń rìn lójoojúmọ́, tí wọ́n ń rìn lóru, tí wọ́n sì ń gbé ẹran wálé. Ìyẹn ló kọ́ ara wọn.

Físíò_Dallas

Kí n fi kan kún un fún àbúrò wa. Ẹran ara máa ń tètè lágbára, ṣùgbọ́n okùn tó so iṣan mọ́ eegun kì í tètè le, oṣù ló ń gbà. Ẹni tí ẹran itan rẹ̀ ti lágbára tó gbé ẹrù wúwo lójijì ni okùn abẹ́ orúnkún rẹ̀ máa ń dá lóró jù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Nọ́ọ̀sì_Aurora

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohun tí èmi kà sí pàtàkì jù. Ẹ̀gbọ́n ỌmọỌdẹ, kí ni jẹ́nótáìpù yín?

Ilé ìwòsàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Denver ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Láàrin àwa ọmọ Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ló jẹ́ AS. A ò ka AS sí àìsàn, kì í sì í ṣe àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Lójoojúmọ́, ẹni tó ní i kì í mọ̀ ọ́n lára rárá. Ṣùgbọ́n òkè gíga wà lára àwọn ibi tó ti lè fi ara rẹ̀ hàn. Tí afẹ́fẹ́ bá dín kù, tí omi dín kù lára, tí èèyàn sì ń ṣe iṣẹ́ agbára, àwọn ẹ̀jẹ̀ kan lè dà bí ọbẹ dòjé kí wọ́n sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ibi tó sábà máa ń kọlù ni spleen, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì. Apá kan rẹ̀ lè kú.

Ẹ wo Ryan Clark, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó gbá fún Pittsburgh Steelers. AS ni. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Denver lọ́dún 2007, tí kò ga ju mítà 1,600 lọ, ara rẹ̀ dàrú débi tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ yọ spleen rẹ̀ àti àpò òróòro rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tún fẹ́ lọ gbá ìdíje pàtàkì ní Denver ní oṣù kìíní ọdún 2012, kóòṣì rẹ̀, Mike Tomlin, kò jẹ́ kó gbá a. Eléré tó lera jù lọ nìyẹn o. Nítorí irú nǹkan báyìí, àjọ NCAA tó ń bójú tó eré ìdárayá ní yunifásítì Amẹ́ríkà fi àyẹ̀wò AS sínú òfin fún àwọn eléré ipele kìíní wọn láti ọdún 2010.

Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ AS ló ti gun òkè tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé AS lòun máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀, á máa mu omi, kò ní fi ipá sáré lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, tí ìhà òsì lókè ikùn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tó ń bì, tí èjìká òsì ń dùn ún, kò ní sọ pé ata ló ń dà á láàmú. Á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sì sọ fún dókítà pé AS lòun.

Ti ẹnikẹ́ni wá tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ pẹrẹsẹ: orí fífọ́, èébì, àárẹ̀, àìrí oorun sùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àìsàn òkè nìyẹn. Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà, ẹ má gòkè sí i. Tó bá wá di ikọ́ pẹ̀lú àìlèmí nígbà tẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí ẹnì kan ń ta gọ́ọ́gọ́ bí ọ̀mùtí tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dàrú, omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ rẹ̀ ti ń wú. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lóru ọjọ́ náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní acetazolamide tí dókítà lè kọ fún yín ṣáájú, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ sì sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má máa gbé ibuprofen tàbí naproxen mì lórí òkè nítorí orúnkún. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń bá ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jà. Tí omi bá tún dín kù lára yín, kíndìnrín ló máa jìyà rẹ̀. Ìpara diclofenac tẹ́ ẹ lè fi pa ojú orúnkún sàn jù, láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń tà á níbí láìsí ìwé dókítà. Ẹ ṣì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín ná.

ỌmọỌdẹ_Houston

Mà, ẹ ṣeun gan-an. AS ni mí. Nígbà tá a fẹ́ ṣègbéyàwó ni ṣọ́ọ̀ṣì ní ká lọ ṣàyẹ̀wò, ìyàwó mi jẹ́ AA, inú gbogbo ilé dùn, a sì pa ìwé náà mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí nìkan la máa ń fi AS sọ nílé wa. Kò sí dókítà kan níbí tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Mo máa rí dókítà mi lọ́sẹ̀ yìí.

Bàbá Gunnison, ṣé dandan ni kí èèyàn dé mítà 3,200 kó tó rí elk?

ÀgbàỌdẹ_Gunnison

Rárá, kò pọn dandan. Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí. Nínú oṣù kẹsàn-án àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹwàá, ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà lókè lọ́hùn-ún. Tí òjò dídì bá ti ń bo koríko lókè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí wọ́n ti lè rí jẹ. Colorado pín ìgbà tí wọ́n ń fi ìbọn ṣọdẹ sí sáà-sáà, èyí tí wọ́n ń pè ní ìkẹta sì máa ń bọ́ sí àárín oṣù kọkànlá tàbí ṣáájú rẹ̀ díẹ̀. Tí òjò dídì bá ti rọ̀ dáadáa nígbà náà, ẹ lè pàgọ́ sí mítà 2,500 tàbí 2,600 kẹ́ ẹ sì rí ẹran. Ibi tó fi mítà 600 tàbí 700 rẹlẹ̀ ju tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ, fún ẹni tó jẹ́ AS tó ń bọ̀ láti Houston, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ohun tí wàá fi san án ni òtútù àti yìnyín lójú ọ̀nà. Ìsọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín lè yí orúnkún po. Ra irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń fà mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà. Tí òjò dídì ò bá tètè rọ̀, àwọn ẹran á ṣì wà lókè, ẹ sì lè pa dà sílé lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ rí.

Ní ti ìwé àṣẹ, lọ ka ìwé òfin ọdún yìí lójú òpó àjọ Colorado Parks and Wildlife fúnra rẹ, torí wọ́n máa ń yí i pa dà. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1949 gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ọdẹ, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ tìrẹ báyìí.

ÌyáÌbejì_Maryland

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Òrí gidi láti ilé ni mo fi ń ra orúnkún ọkọ mi, ó sì ń tù ú lára. Bóyá kí Dádì náà gbìyànjú rẹ̀. Àwọn kan tún ń mu àgbo aromọléegun, àwọn míì ń lo glucosamine. Físíò, kí lẹ rí sí i?

Físíò_Dallas

Ẹ ṣé mà. Òrí dára. Ọwọ́ tó ń ra ibẹ̀ ń jẹ́ kí iṣan dẹ̀, ooru rẹ̀ ń tu ni lára, kò sì bá oògùn kankan jà. Kí wọ́n rà á lálẹ́ lẹ́yìn eré ìdárayá. Glucosamine, ẹ̀rí tó wà fún un kò lágbára. Tí owó bá wà, mà á kúkú ní kí wọ́n fi ra bàtà tó dáa. Àgbo ni mo bẹ̀ yín kí wọ́n yẹra fún, nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò. A ò mọ ohun tó wà nínú ìgò náà, pàápàá èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ẹrù ló kù tí mo ṣèlérí. Láti oṣù kẹfà, ẹ gbé kílò 5 sínú àpò ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ máa fi kílò 2 kún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Àwọn ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ tó wà láàrin Houston ni òkè yín, ẹ gba àtẹ̀gùn wọn gòkè kẹ́ ẹ máa fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì omi ṣe ẹrù náà: ẹ gbé e gòkè, ẹ dà á nù lókè, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ láìlẹ́rù. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró á ṣiṣẹ́, orúnkún á sinmi. Tó bá di oṣù kẹjọ, ẹ máa da ìdajì nù, ẹ fi ìdajì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹwàá bá wọlé, ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bá yín sọ̀ kalẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹran máa ṣe. Kílò 20 tó yín, ẹ má gbìyànjú 30. Ooru Houston nígbà ẹ̀ẹ̀rùn burú fún AS náà, nítorí náà òwúrọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ máa ṣe é, pẹ̀lú omi lọ́wọ́.

Kẹ́ ẹ tó lọ sí Colorado, ẹ lọ dán ara yín wò ní Guadalupe Peak, òkè tó ga jù ní Texas, mítà 2,667. Láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó rẹ̀, ẹ máa gòkè tó nǹkan bíi mítà 900, ẹ ó sì sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Tẹ́ ẹ bá sún ọdẹ yín sí oṣù kọkànlá bí Bàbá Gunnison ṣe sọ, àárín oṣù kẹwàá dára fún un. Bí orúnkún bá ṣe rí lọ́jọ́ kejì lẹ máa fi mọ ibi tẹ́ ẹ dé, àyè sì máa wà láti tún un ṣe.

Adé_Atlanta

Ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì tí àwọn òyìnbó máa ń mú dání lórí òkè yẹn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ni àbí àṣà lásán? Àti pé bàtà wo ló dáa?

ÀgbàỌdẹ_Gunnison

Ó ń ṣiṣẹ́. Mi ò jẹ́ sọ ẹran kalẹ̀ láìní ọ̀pá méjèèjì. Apá àti èjìká ń gbà lára ẹrù náà kúrò lórí orúnkún. Ẹ fà á gùn díẹ̀ sí i tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ fi kan ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kàn án. Ìgbésẹ̀ kékeré ni kẹ́ ẹ máa gbé, kẹ́ ẹ máa wọ́ ọ̀nà ní ẹ̀gbẹ̀ẹ̀gbẹ́, ẹ má dorí kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà tààrà.

Bàtà tó ga dé kókósẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, ni mo fẹ́ràn. Ẹ rà á ní oṣù kẹfà kẹ́ ẹ máa fi ṣe gbogbo ìrìn yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ so okùn rẹ̀ le ní ọrùn ẹsẹ̀ kí ìka má bàa máa gbá iwájú bàtà, kẹ́ ẹ sì gé èékánná kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Èékánná gígùn lè sọ ìrìn ọjọ́ kan di ẹkún.

ỌmọỌdẹ_Houston

Mo ti rí dókítà. Ó ní kí n lọ, ṣùgbọ́n kí n má sùn níbi tó ju mítà 2,700 lọ, kí n sì gòkè ní ìpele-ìpele. Ó tún pààrọ̀ ọ̀kan nínú oògùn mi nítorí omi tó ń lé jáde lára. Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀. Méjì nínú wọn ti gbà láti sún tiwọn sí sáà kẹta kí wọ́n lè bá mi lọ, àwọn yòókù á lọ ní oṣù kẹwàá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo ti bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹsẹ̀ òsì kò sọ nǹkan kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń gbọ̀n.

Físíò_Dallas

Gbígbọ̀n yẹn kì í ṣe àmì burúkú sà, iṣan tó ti sùn ló ń jí. Ẹ má fi kún gíga rẹ̀ títí á fi dẹ́kun gbígbọ̀n.

ÀgbàỌdẹ_Gunnison

Tẹ́ ẹ bá ń wa ọkọ̀ bọ̀, ẹ sùn ní Pueblo lálẹ́ ọjọ́ kan, kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 1,400 lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wá sùn lọ́dọ̀ mi ní Gunnison fún òru méjì, ibí ga tó mítà 2,350. Yàrá wà, ìyàwó mi á se ẹ̀fọ́ rírò. Lọ́jọ́ kẹta ẹ lè máa gòkè lọ síbi àgọ́, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ náà rìn káàkiri pẹ̀lú awò ìwòran lásán, ẹ má gbé ìbọn.

Nọ́ọ̀sì_Aurora

Kí n fi èyí kún un: àwọn méjì tẹ́ ẹ jọ ń lọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé AS ni yín, kí wọ́n sì mọ ohun tí ìrora ìhà òsì túmọ̀ sí, torí ó lè jẹ́ àwọn ló máa bá yín sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ gbogbo oògùn yín, kẹ́ ẹ fi sínú àpò àyà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní ọ̀pọ̀ ibi lókè yẹn, nítorí náà ẹ yá ẹ̀rọ kékeré tó ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì jọ dán an wò ní Gunnison kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.